Ohun tó gbé àwọn Potogí dé etíkun wa

Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ girama, ọdún 1472 ni àwọn Potogí kọ́kọ́ yọ sí wa. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ: ọkọ̀ dé sí ọ̀sà, Rui de Sequeira ni orúkọ ẹni tó kó o wá, lẹ́yìn náà ni òwò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ńṣe ni ọkọ̀ náà já bọ́ láti ojú ọ̀run, pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ti ibì kankan bọ̀, pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe aláìní nílé, àti pé kò sí ẹni tó náwó lé wọn lórí. Ó ti pẹ́ tí àlàfo yìí ti ń dùn mí. Mo ti ka ohun tí ọwọ́ mi bà lórí ọ̀rọ̀ náà, bí mo sì ṣe ń kà á ni ó ń dá mi lójú sí i pé a kò lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etíkun wa bí a kò bá mọ ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Pọ́túgàl, ní Mòrókò àti ní ilẹ̀ Málì fún ọjọ́ pípẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé wúrà ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti àwọn Potogí sórí òkun. Ìfẹ́ láti mọ ayé wà lára àwọn kan nínú wọn, ìtara ẹ̀sìn sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wúrà ni wọ́n ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ tipẹ́, òun ni wọ́n sì ń wá ọ̀nà dé ìdí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà náà kò tètè là, wọ́n kó ènìyàn, owó tí wọ́n rí lórí ènìyàn ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ síwájú. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí, láti orí ìgbòkun dé orí ìwé àṣẹ Póòpù, rọ̀ mọ́ kókó yìí.

Ilẹ̀ kékeré ni Pọ́túgàl, ní ìpẹ̀kun Yúróòpù níhà ìwọ̀-oòrùn. Òkun ni ó kọjú sí, ìjọba Castile tó tóbi jù ú lọ fíìfíì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà láti ọdún 711, àwọn ọba onígbàgbọ́ sì ń gbà á padà díẹ̀díẹ̀: wọ́n gba Lisbon ní 1147, wọ́n sì parí gbígba Algarve tó wà ní gúúsù pátápátá ní 1249. Castile kò parí tirẹ̀ títí di 1492. Èyí túmọ̀ sí pé ó ju igba ọdún lọ tí Pọ́túgàl fi wà láìní ibi tí yóò tún jagun gbà lórí ilẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ìdílé ọlọ́lá tí ogun jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ṣì ń pọ̀ sí i. Àlìkámà tí wọ́n ń gbìn kì í fìgbà gbogbo tó wọn jẹ. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti ọdún 1348 ti pa àgbẹ̀ àti olówó. Ohun tí wọ́n ní ni èbúté, iyọ̀, wáìnì, ẹja, àti àwọn atukọ̀ tó ti mọ òkun dáadáa. Ọba Dinis ti rí èyí kedere ní 1317 nígbà tó gba ọmọ Genoa kan, Manuel Pessanha, láti jẹ́ olórí ọkọ̀ ogun rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò máa mú àwọn ará Genoa tó mọ iṣẹ́ òkun wá.

Ní 1383, Ọba Fernando kú láìní ọmọkùnrin, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti fẹ́ ọba Castile. Àwọn ará Lisbon, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, kọ̀ jálẹ̀ pé Castile kò ní jẹ ọba lé àwọn lórí. Àbúrò ọba tó kú, João, tí bàbá wọn bí níta, ni wọ́n gbé dìde, ó sì ṣẹ́gun àwọn ará Castile ní Aljubarrota ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1385, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn tafàtafà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Philippa, ọmọ ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka ìjà yìí sí ohun ńlá nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ, nítorí ìdílé ọba tó gorí ìtẹ́ nípasẹ̀ owó àti okun àwọn ará ìlú èbúté ni yóò rán ọkọ̀ lọ sí gúúsù. Nígbà tí wọ́n bá Castile ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1411, àwọn ọmọ ogun tí kò níṣẹ́ mọ́ tún wá pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Pọ́túgàl ná, kí a sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní Bambuk àti Bure, láàárín odò Senegal àti orísun odò Ọya, àwọn ènìyàn ti ń wa wúrà láti ayébáyé. Àwọn oníṣòwò Wangara ni wọ́n ń kó o jọ, ràkúnmí ni ó ń gbé e la aṣálẹ̀ já, iyọ̀ tí wọ́n ń wà ní Taghaza sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti dé Mòrókò ni yóò yà sí àwọn ìlú etíkun, níbi tí àwọn ará Genoa, Venice àti Catalonia ti ń dúró dè é. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé púpọ̀ nínú owó wúrà tí wọ́n ń ná ní Yúróòpù nígbà yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà ni wúrà rẹ̀ ti wá. Ọwọ́ kejì àti ìkẹta ni wọ́n ti ń rà á. Àwọn tó wà láàárín ń jẹ èrè wọn, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá kò sì mọ ojú ẹni tó wà á.

Ní 1324 ni Mansa Músà, ọba Málì, gba Cairo kọjá lọ sí Mẹ́kà. Wúrà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ná ní ìlú náà pọ̀ débi pé iye wúrà já wálẹ̀, al-Umari, òǹkọ̀wé tó dé Cairo ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, sì gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ìlú pé kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìròyìn yẹn rìn. Ní 1375, ní erékùṣù Majorca, wọ́n ya àwòrán ayé ńlá kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ Júù kan tó ń jẹ́ Abraham Cresques ni. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní gúúsù aṣálẹ̀, ọba aláwọ̀ dúdú kan jókòó, ó dé adé, ó mú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ kan, ó sì gbé ìṣù wúrà sókè ní ọwọ́ kejì sí ẹnì kan tó gun ràkúnmí ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ pé òun ni ọba tó lọ́rọ̀ jù lọ ní gbogbo agbègbè yẹn nítorí wúrà tó wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń padà sí àwòrán yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkúùgbà tí mo bá ka ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn Potogí ni wọ́n ṣàwárí Áfíríkà. Ogójì ọdún kí ọmọ ogun Potogí kankan tó tẹ ilẹ̀ Mòrókò, àwọn ayàwòrán ayé ní Yúróòpù ti ń ya ọba wa, wọ́n sì ti ń ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú ọ̀nà òkun ṣáájú. Ní 1291, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Vivaldi láti Genoa gba ọ̀nà tóóró Gibraltar jáde sí òkun ńlá, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ní 1346, Jaume Ferrer kúrò ní Majorca láti wá Odò Wúrà. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lórí àwòrán Cresques, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò padà wálé.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1415, João kó nǹkan bí igba ọkọ̀ jọ, ó sì kọlu Ceuta, ìlú Mùsùlùmí tó wà ní etíkun Mòrókò lẹ́bàá Gibraltar. Philippa ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn ní oṣù tó ṣáájú ni, síbẹ̀ wọn kò dá ìrìn àjò náà dúró. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Duarte, Pedro àti Henrique, bá a lọ kí wọ́n lè gba oyè akọni lójú ogun. Ìlú náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n sọ mọ́sálásí rẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀, wọ́n sì retí pé wúrà àti èròjà ọbẹ̀ tó ti máa ń wọ ìlú náà yóò máa wọlé fún àwọn.

Kò wọlé. Àwọn oníràkúnmí mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n darí ẹrù wọn sí àwọn ìlú Mùsùlùmí mìíràn ní etíkun, Ceuta sì di ibi tí ìjọba ń bọ́ ọmọ ogun láìrí èrè kankan níbẹ̀. Ní 1437, Henrique tún gbìyànjú láti gba Tangier. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ pátápátá, ó sì fi àbúrò rẹ̀ Fernando sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò, pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò dá Ceuta padà. Wọn kò dá a padà. Fernando kú sí àhámọ́ ní Fez ní 1443. Mo gbà pé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì yìí ṣe ju ohunkóhun lọ láti mú kí Pọ́túgàl kọjú sí gúúsù. Wọ́n ti jagun gba ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà náà sì yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n gba ojú omi lọ bá àwọn tó ni wúrà gan-an, kí wọ́n sì fi àwọn tó wà láàárín sílẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Henrique yìí ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ sílẹ̀ ní Sagres, níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n láti gbogbo ayé ti ń wo ìràwọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn òde òní kò rí ẹ̀rí kankan fún irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Òun alára kò wọkọ̀ kọjá Mòrókò rí. Ohun tó ní ni owó àti agbára: láti 1420 ni ó ti ń ṣe olórí Ẹgbẹ́ Kristi, ẹgbẹ́ àwọn ajagun ẹ̀sìn tí Ọba Dinis dá sílẹ̀ ní 1319 láti jogún dúkìá àwọn Templar, ẹgbẹ́ ajagun ẹ̀sìn àtijọ́ tí wọ́n ti tú ká, ìjọba sì fún un ní ẹ̀tọ́ lórí òwò oríṣiríṣi. Zurara, akọ̀wé ìtàn ọba tó mọ̀ ọ́n lójú ara rẹ̀, to àwọn ìdí tí ó fi ń rán ọkọ̀ lọ lẹ́sẹẹsẹ: láti mọ ohun tó wà níwájú, láti wá àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n lè bá dòwò, láti mọ ibi tí agbára àwọn Mùsùlùmí dé, láti wá ọba onígbàgbọ́ tí yóò ran wọn lọ́wọ́, àti láti gba ọkàn là. Ó tilẹ̀ fi ìràwọ̀ tí wọ́n bí i sí kún un. Òwò ni èkejì nínú ètò yẹn, bí ẹni pé ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni. N kò rò pé Zurara purọ́. Mo rò pé lójú àwọn ènìyàn ìgbà náà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín kí wọ́n sin Ọlọ́run àti kí wọ́n gba ọrọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ bíi tiwọn, àìrí ìyàtọ̀ yìí ni ó sì léwu jù nínú gbogbo ẹrù tí ọkọ̀ wọn gbé.

Ní ti òkun fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n há sí ni Bojador, ṣóńṣó ilẹ̀ kan ní etíkun aṣálẹ̀ tí a ń pè ní Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà lónìí. Omi ibẹ̀ kò jìn, ìyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, kurukuru máa ń bo ilẹ̀, kò sì sí igi tàbí odò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn atukọ̀ sọ pé ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ kì í padà. Ó rọrùn láti fi èyí rẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọn ní ìdí. Ẹ̀fúùfù etíkun yẹn ń fẹ́ láti àríwá sí gúúsù ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún, ìṣàn omi òkun náà sì ń lọ síhà kan náà, nítorí náà ẹni tó ń lọ dà bí ẹni tí odò ń gbé lọ, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ padà yóò bá atẹ́gùn àti omi jà títí oúnjẹ rẹ̀ yóò fi tán. Ọdún méjìlá ni Zurara sọ pé Henrique fi ń rán àwọn ọkọ̀ lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń padà láìkọjá rẹ̀. Gil Eanes náà ti padà lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kọjá ní 1434. Ó ba ọkọ̀ sí etíkun kan tí kò sí ènìyàn, ó sì já ewéko díẹ̀ níbẹ̀ láti fi han ọ̀gá rẹ̀ pé ayé kò parí síbẹ̀.

Àrà tí wọ́n fi borí ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n ní, ẹ̀tọ́ ni kí a sì yìn wọ́n fún un. Wọ́n kọ́ láti má ṣe bá ẹ̀fúùfù etíkun jà. Ẹni tó ń padà láti gúúsù yóò yí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò nídìí ilẹ̀, yóò kọjú sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, yóò wọ àárín agbami lọ títí yóò fi dé ìtòsí àwọn erékùṣù Azores, níbi tí ẹ̀fúùfù mìíràn ti ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn ni yóò wá tì í dé Lisbon. Ẹ wo ìgboyà tó wà nínú rẹ̀: kí ènìyàn fẹ́ lọ sílé, kí ó sì kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe èyí kò tóbi. Karafẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é, kì í gba ènìyàn púpọ̀, kì í rì jìn sínú omi, èyí tó jẹ́ kí ó lè wọ ẹnu odò, ìgbòkun onígun mẹ́ta rẹ̀ sì ń jẹ́ kí ó lè rìn nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ iwájú. Àwọn atukọ̀ Lárúbáwá ti ń lo irú ìgbòkun bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kọ́ńpáàsì, àwòrán èbúté tí àwọn ará Ítálì àti Majorca ń yà, ìmọ̀ ìràwọ̀ tí àwọn Mùsùlùmí àti Júù ti kọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó jọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ti Potogí nìkan nínú wọn, bí wọ́n ṣe fi gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú agbami ni ó jẹ́ tiwọn.

Láàárín àkókò yìí kan náà ni wọ́n tẹ erékùṣù Madeira dó, láti nǹkan bí 1420. Igi kún ibẹ̀, wọ́n sun ún, wọ́n gbin àlìkámà, lẹ́yìn náà wọ́n gbin ìrèké. Ìrèké a máa fẹ́ ọwọ́ púpọ̀, iná kì í sì í kú ní ìdí ìkòkò ṣúgà. Ohun tí wọ́n kọ́ ní Madeira ni wọ́n gbé lọ sí São Tomé, tí wọ́n sì gbé lọ sí Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa yóò bá a ní ẹ̀yìn ọ̀la.

Fún nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn Bojador, ìrìn àjò náà kò mú èrè tó ṣe gúnmọ́ wá. Ní 1441, Henrique rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Antão Gonçalves, láti lọ kó awọ àti òróró ẹran omi wá. Ọmọ náà rò pé yóò dára kí òun mú ènìyàn padà fún ọ̀gá òun. Òun àti Nuno Tristão, ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn tó bá a níbẹ̀, kọlu àgọ́ àwọn darandaran ní òru, wọ́n sì kó àwọn kan nígbèkùn. Ọ̀kan nínú wọn, Adahu, jẹ́ ẹni iyì tó gbọ́ èdè Lárúbáwá. Ó ṣèlérí pé bí wọ́n bá dá òun padà sílé, àwọn ènìyàn òun yóò fi ẹrú rọ́pò òun. Nígbà tí Gonçalves padà lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjì nínú ìgbèkùn ni ó fi gba ẹrú mẹ́wàá àti ìyẹ̀fun wúrà díẹ̀. Ìyẹ̀fun wúrà yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí wọ́n sọ ibẹ̀ ní Odò Wúrà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe odò rárá, kò sì sí wúrà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ohun méjèèjì ti so pọ̀ lójú wọn: ènìyàn ni wọ́n fi ra wúrà àkọ́kọ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1444, ọkọ̀ mẹ́fà tí Lançarote darí gbé ènìyàn 235 gúnlẹ̀ sí Lagos, ìlú èbúté ní Algarve tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fún Èkó lẹ́yìn náà. Etíkun Arguin ni wọ́n ti kó wọn. Zurara kọ bí wọ́n ṣe tò wọ́n sí pápá kan lẹ́yìn ìlú ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú: àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, àwọn kan pọ́n, àwọn kan dúdú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pín wọn sọ́nà márùn-ún, èyí sì mú kí wọ́n ya ọkọ kúrò lára aya, ọmọ kúrò lára bàbá. Àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n dojú bolẹ̀ lé wọn, wọ́n sì ń gba ọgbẹ́ kí wọ́n má baà já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará ìlú tó wá wòran sunkún. Akọ̀wé náà jẹ́wọ́ pé omijé bọ́ lójú òun. Henrique wà níbẹ̀ lórí ẹṣin ńlá, ó gba ìdá kan nínú márùn-ún tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ènìyàn 46, ó sì pín wọn fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, nítorí, gẹ́gẹ́ bí Zurara ṣe sọ, inú ọkàn tí wọ́n gbà là ni ó ń dùn sí.

Kò rọrùn fún mi láti ka ojú ewé yẹn kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ rí i pé ènìyàn ni wọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì tún rí ọ̀nà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ohun tó rí. Ní 2009, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ní Lagos yẹn kan náà, wọ́n bá egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 150 nínú ààtàn àtijọ́ kan lẹ́yìn odi ìlú. Àwọn kan nínú wọn kéré, ọmọdé ni wọ́n.

Owó ọjọ́ náà yí ohun gbogbo padà. Àwọn oníṣòwò tó ti ń sọ pé Henrique ń fi owó ṣòfò bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àṣẹ láti rán ọkọ̀ tiwọn. Ìkọlù lásán kò pẹ́: Nuno Tristão fúnra rẹ̀ kú ní 1446 nígbà tí àwọn ará etíkun Guinea ta á ní ọfà olóró, àwọn Potogí sì rí i pé àwọn kò lè borí àwọn ènìyàn tó mọ odò wọn, tó sì ní ọba àti ọmọ ogun. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí rà. Cadamosto, ọmọ Venice tó bá Henrique ṣiṣẹ́ ní 1455, kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ àwọn Wolof, ẹṣin kan ń lọ fún ẹrú mẹ́sàn-án títí dé mẹ́rìnlá. Ní ọdún yẹn náà ni Póòpù Nicholas Karùn-ún fi ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ Romanus Pontifex fún ọba Pọ́túgàl ní ẹ̀tọ́ lórí gbogbo òwò àti ilẹ̀ tó wà láti Bojador lọ sí gúúsù, àti ẹ̀tọ́ láti sọ àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ di ẹrú. Wọn kò tíì rí Èkó, wọn kò tíì gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú, ìwé sì ti wà ní Róòmù tó pín wọn fún ẹlòmíràn. Ní 1457, Lisbon bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe owó wúrà tuntun, kurusádò, láti inú wúrà Áfíríkà.

Henrique kú ní 1460. Ní 1469, Ọba Afonso fi òwò Guinea lé Fernão Gomes, oníṣòwò Lisbon, lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò máa san 200,000 réàlì lọ́dọọdún, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ síwájú ní ọgọ́rùn-ún líìgì (ìwọ̀n tí àwọn atukọ̀ fi ń wọn ọ̀nà) etíkun tuntun ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn owó orí ni èyí, òun ni ó sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1471, àwọn ọkọ̀ Gomes dé etíkun tó wà ní Gánà òde òní, wọ́n sì bá àwọn ènìyàn tó ń fi wúrà ṣe ẹ̀ṣọ́ ara, tí wọ́n sì ṣe tán láti tà á. Ohun tí wọ́n fi nǹkan bí ọgọ́ta ọdún wá nìyẹn. Ní 1472 ni ọkọ̀ wọn kọjá sí ọ̀sà tiwa, ní ọ̀nà ìlà-oòrùn.

Duarte Pacheco Pereira, tó mọ etíkun yìí dáadáa, kọ ìwé ní nǹkan bí 1505 sí 1508, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ìlú ńlá kan wà lókè odò yìí, Ìjẹ̀bú, tí yàrà ńlá kan yí ká, pé Awùjalẹ̀ ni ọba ibẹ̀, àti pé ẹrú ni òwò tó wà níbẹ̀, ní ẹ̀gbà idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú eyín erin díẹ̀. Wọn kì í kó gbogbo ẹrú wọ̀nyí lọ sí Pọ́túgàl. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé padà sí ìwọ̀-oòrùn, sí Mina, ní etíkun wúrà Gánà yẹn, níbi tí àwọn Potogí ti kọ́ odi ńlá São Jorge ní 1482, wọ́n sì tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò Akan tó nílò aláàárù àti òṣìṣẹ́, wúrà ni àwọn yẹn sì fi san owó wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye èyí, ó mú mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí Adahu àti ìyẹ̀fun wúrà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní etí aṣálẹ̀ ni wọ́n sọ di ètò òwò láàárín ẹ̀yìn odi Ìjẹ̀bú, Bìní àti ilẹ̀ Akan, àwọn ọba àti oníṣòwò tiwa náà sì kó ipa nínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí 1486, João Afonso de Aveiro dé ọ̀dọ̀ Ọba Bìní, ó sì mú olóyè Ughoton kan padà lọ sí Lisbon gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Gẹ́gẹ́ bí akọ̀tàn João de Barros ṣe kọ ọ́ lẹ́yìn náà, àwọn ará Bìní sọ fún Ọba João Kejì pé ọba ńlá kan wà ní ọ̀nà jíjìn sí ìlà-oòrùn, Ogané, tó máa ń fi ọ̀pá, àkẹtẹ̀ idẹ àti àgbélébùú idẹ ránṣẹ́ láti fi ìdí oyè ọba tuntun ní Bìní múlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í rí ojú rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ títa. Nítorí àgbélébùú yẹn, àwọn Potogí rò pé ọba onígbàgbọ́ tí Henrique ti ń wá ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé Ọọ̀ni Ifẹ̀, tí àwọn Bìní ń pè ní Ọghẹnẹ, ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn ń jiyàn pé Ifẹ̀ kò sí ní ìlà-oòrùn Bìní. Ní tèmi, mo gbà pé Ifẹ̀ ni, nítorí àṣà tí wọ́n ṣàpèjúwe bá ohun tí a mọ̀ mu ju bí apá ibi tí wọ́n nawọ́ sí ṣe tako ó lọ. Ní 1487, João rán Bartolomeu Dias gba ojú òkun, ó rán Pero da Covilhã gba orí ilẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni ó sì rán àwọn méjèèjì: kí wọ́n wá ọ̀nà Íńdíà àti ọba onígbàgbọ́ náà.

Aveiro mú ohun mìíràn bọ̀ láti Bìní, ìyèré wa tí a fi ń se ọbẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Flanders láti wò ó bóyá yóò tà. Ó tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Vasco da Gama dé Calicut ní 1498, tí ata Íńdíà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sí Lisbon, ìjọba Pọ́túgàl dá òwò ìyèré náà dúró kí ó má baà bá ọjà tuntun wọn jẹ́. Òwò ẹrú ní àwọn odò wa kò dúró: Mina ṣì ń fi wúrà ra ẹrú, àwọn oko ìrèké São Tomé sì ti ń béèrè fún tiwọn.